Ọjọ́ Tí Nedyalka Gbé Ọmọ Sá fún Dókítà

Orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà ni Zornitsa, àmọ́ èèyàn lè pe orúkọ yẹn títí ohùn rẹ̀ á fi há, ọmọ náà kò ní bojú wẹ̀yìn. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rin. Kì í ṣe adití, nítorí bí ìyá ìyá rẹ̀, Nedyalka, bá já ọ̀rá búrẹ́dì ní ilé ìdáná, kíá ni yóò sáré dé láti yàrá. Kì í ṣe odi náà, nítorí a máa kọ orin ọṣẹ tí wọ́n fi ń polówó lórí tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n kò tíì pe ẹnikẹ́ni ní Màmá rí.

Ilé wọn wà ní ìlú Tutrakan, lórí òkè tó kọjú sí odò Dunav. Nedyalka ló ń tọ́jú ọmọ náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, yàtọ̀ sí wákàtí díẹ̀ tó máa ń lò ní jẹ́léósinmi. Iskra tó bí i, ọmọ Nedyalka, ń ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Plamen, bàbá ọmọ, ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Jámánì, ìgbà ọdún ló máa ń wálé. Búrẹ́dì funfun, yógọ́ọ̀tì àti wàràkàsì nìkan ni Zornitsa ń jẹ. Bí nǹkan pupa bá kan àwo rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn, ariwo á gba gbogbo ilé. Kò gbà kí wọ́n gé èékánná òun àfi bó bá ti sùn. Gbogbo èyí ni Nedyalka mọ̀, ó sì ti to ìgbé ayé ilé náà yí i ká, débi pé lójú ẹni tó bá kàn yà wọlé, ọmọ jẹ́jẹ́ kan ló ń ṣeré lábẹ́ tábìlì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kọkànlá, Iskra gbé ọmọ dé láti jẹ́léósinmi, kò bọ́ kóòtù ọrùn rẹ̀. Nedyalka ń na ìyẹ̀fun pípò tó fẹ́ fi ṣe bánítsà, àkàrà oníwàràkàsì, lórí tábìlì. Ọmọ náà wọ abẹ́ tábìlì lọ tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sáṣọ.

"Màmá, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan."

"Kí ló tún dé? Ṣé ó tún ti gé ọmọ ẹlòmíràn jẹ ni?"

"Rárá o. Ó ní ká gbé e lọ rí dókítà. Dókítà tó ń wo ọpọlọ àwọn ọmọdé, ní ìlú Ruse. Ó ní ó jọ pé ọ́tísíìmù ni."

Nedyalka kò gbójú sókè. Ó ń na ìyẹ̀fun náà lọ títí ó fi ya láàárín, bẹ́ẹ̀ ìyẹ̀fun Nedyalka kì í ya.

"Ọ́tísíìmù," ó ní. "Ìwọ náà kò sọ̀rọ̀ bọ̀rọ̀. Ìgbà tí o wá bẹ̀rẹ̀, ta ló rí ẹnu ẹ pa dé?"

"Màmá, èmi máa ń wojú yín. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi."

"Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ yẹn, ọmọ tiẹ̀ tó ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò, kí ló fi ọ̀rọ̀ náà dà? Ṣebí ilé ọtí ló ń jókòó sí títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn."

"Màmá, mo ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀."

Ọwọ́ Nedyalka dúró.

"Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé," ó ní. "Tí wọ́n bá ti kọ ọ́, ta ló máa pa á rẹ́? Fagi lé e, Iskra. Pè wọ́n, sọ fún wọn pé ọmọ ń wúkọ́."

"Kí lẹ̀ ń bẹ̀rù gan-an?"

"Kí ni màá máa bẹ̀rù? Mi ò bẹ̀rù nǹkan kan."

Irọ́ ni. Ẹ̀rù tó ń bà á ti wà kí wọ́n tó bí Iskra.

Iskra kò mọ̀ pé ìyá òun ní àbúrò rí. Metodi ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí Nedyalka wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, Metodi jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, kò tíì sọ̀rọ̀. A máa fò yípo nínú àgbàlá, a sì máa rẹ́rìn-ín sí ewé igi tí atẹ́gùn ń mì. Kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Lọ́jọ́ kan, àwọn kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun ló ṣáájú wọn. Wọ́n ń bi Metodi ní ìbéèrè, Metodi ń wo bọ́tìnnì ẹ̀wù obìnrin náà. Wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé. Ìwé náà ní ọmọ yìí kò ṣeé kọ́ ní ohunkóhun. Wọ́n ní ilé kan wà tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn, ní abúlé kan lẹ́yìn òkè, pé tí ìgbà òtútù bá ti kọjá yóò padà wálé. Ìyá wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé, ó tọwọ́ bọ̀wé. Mọ́tò wá gbé e. Metodi fẹ́ràn mọ́tò; ẹ̀rín ló ń rín bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lọ wò ó. Wọ́n ti fá orí rẹ̀ kodoro. Wọ́n fi aṣọ so ọwọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Yàrá náà kún fún àwọn ọmọ tó ń mira síwá sẹ́yìn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń sunkún. Èyí ló ba Nedyalka lẹ́rù jù lọ, pé kò sẹ́ni tó ń sunkún. Kí òtútù ọdún yẹn tó tán, ọkùnrin kan ti wá láti ilé ìjọba, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwọlé, ó ní òtútù àyà ló pa á. Ìyá wọn kò pe orúkọ Metodi mọ́ títí ó fi kú. Nedyalka náà kò pè é mọ́. Nígbàkígbà tí Zornitsa bá ń fò yípo nínú àgbàlá, ńṣe ni á sáré lọ ti géètì.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn ni Nedyalka ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe bọ́ lójú dókítà. Bí Iskra bá ti lọ síbi iṣẹ́, á gbé e sórí àga, á mú bisikíìtì dání.

"Zori, wojú ìyá àgbà. Wò mí, ọmọ mi ọ̀wọ́n. Sọ pé, ẹ káàárọ̀, Dókítà."

Ọmọ náà ń wo bisikíìtì.

"Ojú mi o, kì í ṣe bisikíìtì."

Ọmọ náà yíjú sí fèrèsé, ó bẹ̀rẹ̀ orin ọṣẹ.

Lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, ọkàn Nedyalka kò gbà á mọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì mú ọmọ náà ní àgbọ̀n, ó yí ojú rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọmọ náà figbe ta. Ó já ara rẹ̀ gbà, ó sáré lọ síbi ògiri, ó ń forí gbá a, gbì, gbì, gbì. Ibẹ̀ ni Iskra bá wọn nígbà tó ṣílẹ̀kùn.

"Màmá! Kí lẹ ṣe fún un?"

"Mò ń kọ́ ọ ni. Bó bá lè wojú dókítà yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bó bá lè kí i, wọ́n á ní kó máa lọ sílé."

"Ẹ fẹ́ kó máa díbọ́n."

"Mo fẹ́ kó bọ́!"

"Kó bọ́ lọ́wọ́ ta ni, Màmá?"

Iskra jókòó sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ sáàárín orí ọmọ rẹ̀ àti ògiri, ó sì fi í síbẹ̀ títí ó fi rẹ ọmọ náà.

Plamen pè láti Jámánì kí wọ́n tó jẹun. Iskra gbé fóònù sórí tábìlì kí ìyá rẹ̀ náà lè máa gbọ́.

"Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é," Plamen ní. "Bùọ̀dá mi náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, lónìí agbẹjọ́rò ni."

"Tí wọ́n bá pe bùọ̀dá ẹ nígbà yẹn, ṣé kì í dáhùn?"

"Tó bá jẹ́ oúnjẹ ni wọ́n pè é sí, ó máa ń dáhùn." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó wá ní, "Iskra, tí wọ́n bá ti fún un ní orúkọ yẹn, ta ló máa fẹ́ ẹ tó bá dàgbà?"

"Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin, Plamen! Èmi ń wá bó ṣe máa sọ fún mi pé inú ń run òun, ìwọ ń wá ọkọ fún un."

Iskra pa fóònù, ó jókòó tì í, kò fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Ọkàn Nedyalka sọ fún un pé Iskra yóò fagi lé e, bí kò bá ṣe lónìí, á jẹ́ lọ́la. Ọ̀la dé, Iskra kò fagi lé e. Lọ́jọ́rú pàápàá, ńṣe ló ń lọ kóòtù ọmọ sílẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ìkùukùu gùn láti inú odò, ó bo gbogbo ìlú títí kan ẹnu ọ̀nà wọn. Iskra ní òun fẹ́ sáré lọ bu epo sínú mọ́tò.

"Ẹ bá mi wọṣọ fún un, Màmá. Bí mo bá ti dé la máa lọ."

"Ó ti dáa."

Nedyalka wọṣọ fún ọmọ náà lóòótọ́. Ó wọ̀ ọ́ ní bàtà rọ́bà, ó kó búrẹ́dì àti yógọ́ọ̀tì sínú báàgì, ó pa fóònù rẹ̀, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé jáde. Ọgbà àjàrà wọn wà nísàlẹ̀ ìlú, ó kángun sí etí odò, ahéré kékeré kan sì wà níbẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ kọ́ kó tó kú. Bó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà náà ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan péré. Bí wọ́n bá pàdánù ọjọ́ yìí, ó máa pẹ́ kí dókítà tó tún ráyè. Kó tó dìgbà yẹn, bóyá ọmọ á ti sọ̀rọ̀. Bó bá gbọ́ ìró mọ́tò lẹ́yìn, àyà rẹ̀ á já, á fa ọmọ náà wọ àárín àjàrà títí mọ́tò náà á fi kọjá. Ó mọ̀ pé Iskra nìkan ló ń wá wọn. Síbẹ̀, obìnrin aláṣọ funfun yẹn ló ń rí nínú gbogbo mọ́tò.

Wọ́n dé ahéré. Òtútù ibẹ̀ ń gún ni bí abẹ́rẹ́. Ó gbé ọmọ náà sórí àpò, ó fún un ní búrẹ́dì, ó kúnlẹ̀ síwájú ààrò onírin kó lè dáná. Igi ti fa omi. Ó ń fẹ́ ẹ, èéfín ń ta á lójú, ó tún ń fẹ́ ẹ. Nígbà tí iná náà gbà tán tó bojú wẹ̀yìn, búrẹ́dì wà lórí àpò. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ìkùukùu ló ń wọlé.

"Zori?"

Ó jáde. Kò rí ju ìdí àjàrà mélòó kan lọ, gbogbo ohun tó kù funfun.

"Zornitsa! Zori o! Zornitsa!"

Ó sá lọ sókè, ó sá padà wá sísàlẹ̀, ó ṣubú, ó dìde. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ló ti ń bá àwọn èèyàn jiyàn pé lọ́dọ̀ òun ọmọ yìí ń gbọ́, àwọn ni wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ní báyìí, ó ń pè é pẹ̀lú gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un, kò sì sí nǹkan kan tó dáhùn, àfi omi. Ó ń gbọ́ omi náà. Odò Dunav kún lákòókò yẹn, eré ló ń sá.

"Ta ló ń pariwo níbẹ̀?" Ohùn ọkùnrin kan ni, láti ìsàlẹ̀. Trifon apẹja ni, ẹni tí òun àti Nedyalka jọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ó yọ láàárín ìkùukùu, àwọ̀n ṣì wà léjìká rẹ̀. "Ìyá Iskra! Kí ló dé?"

"Ọmọ Iskra, Trifon. Ó jáde lọ. Mi ò rí i."

"Kí lorúkọ ẹ̀, kí n bá ẹ pè é?"

"Má pè é! Kò ní dáhùn." Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Kì í dáhùn. Pa ẹnu mọ́, jẹ́ ká fetí sílẹ̀."

Wọ́n dúró. Omi nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbọ́. Nígbà tó yá, láti apá ibi tí esùsú wà létí odò, ohùn tíńtín kan wá, ohùn tí kò bẹ̀rù rárá, ó ń kọ orin ọṣẹ.

Wọ́n sáré. Ọmọ náà dúró nínú omi láàárín esùsú, omi ti dé àyà rẹ̀. Ó ń wo bí ìṣàn omi ṣe ń yípo lára àwọn ọ̀pá esùsú, inú rẹ̀ dùn. Ẹsẹ̀ kan síwájú rẹ̀, ibú ni.

Trifon kò bọ́ bàtà, ó wọ inú omi, ó gbá a lápá mú. Igbe tí ọmọ náà ké kì í ṣe igbe ọmọdé. Ó yí ara rẹ̀ bí ẹja, ó gé Trifon jẹ lọ́rùn ọwọ́, ó yọ̀ bọ́. Orí rẹ̀ wọ inú omi. Trifon tún gbá apá kan náà mú, ọmọ náà tún ń jà, ẹsẹ̀ Trifon fúnra rẹ̀ ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọmọ yìí?" Trifon kígbe. "Ìyá Iskra! Báwo ni kí n ṣe mú un?"

"Má fà á lápá! Gba ẹ̀yìn gbá a mọ́ra, fún un pinpin! Fún un dáadáa! Má bá a sọ̀rọ̀! Má wojú ẹ̀!"

Trifon ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn fi apá méjèèjì dì í mọ́ àyà, ó pa ẹnu mọ́, ó gbé ojú sí òdìkejì odò. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà dákẹ́. Ara rẹ̀ dẹ̀. Trifon ń rìn sẹ́yìn sẹ́yìn títí ó fi gbé e dé ilẹ̀, níbi tí Nedyalka kúnlẹ̀ sí.

Nínú ahéré Trifon létí odò, níbi tí iná ti ń jó, wọ́n bọ́ aṣọ tútù lára ọmọ náà, wọ́n fi awọ àgùntàn wé e. Trifon pe Iskra lórí fóònù tirẹ̀, lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣẹ́yọ lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Eyín ẹ̀ pé o," ó ní. Ó fẹ́ fi ṣe àwàdà. "Bí o ò bá sọ fún mi ni, Ìyá Iskra, apá yẹn ni ǹ bá máa fà títí omi á fi gbé àwa méjèèjì lọ."

Nedyalka tú ìborùn rẹ̀, ó fi wé ọrùn ọwọ́ náà fún un.

Iskra dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Kò wo ìyá rẹ̀. Ó gbé ọmọ náà, ó fọwọ́ kan orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó pé. Trifon ní òun fẹ́ lọ wo ọkọ̀ òun, ó sì jáde kúrò níbẹ̀.

"Ẹ pa fóònù," Iskra ní. "Màmá, ẹ pa á. Mo ti dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Mo ti lọ wo ilé ìwòsàn. Mo rò pé mọ́tò ti gbá yín. Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan fún mi."

"Kí ló dé nígbà náà?"

Nedyalka wo iná. "Mo ní àbúrò rí," ó ní.

Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó ń jẹ́wọ́ ohun tó jí, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló jalè. Ó sọ ti bọ́tìnnì obìnrin yẹn, àti ti mọ́tò, àti ti orí tí wọ́n fá. Ó sọ ti yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti sunkún. Nígbà tó parí, Iskra ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ọmọ rẹ̀ mú bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Metodi."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́."

Iskra fa awọ àgùntàn náà bo ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ti yí padà. "A ò lọ mọ́ nìyẹn," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa kọ nǹkan kan nípa ọmọ mi. Kí wọ́n máa pè é ní alágídí, kí wọ́n máa pè é ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, mo gbà. Mi ò mọ̀ ọ́n ni, Màmá. Mo rò pé ẹ kàn ń bẹ̀rù ẹnu ará àdúgbò ni. Màá gbé e kúrò ní jẹ́léósinmi yẹn. Inú ilé la máa wà."

Ohun tí Nedyalka ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyí, ó ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó dúró kí ìtura dé, ìtura kò dé. Ọmọ náà ló ń rí, tó ti dàgbà, tó ga, tó dúró nínú omi kan níbì kan, tí àwọn àjèjì ń fà á lápá, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló ń ṣe eléyìí. Òun alára sì ti kú, ó ti wà nínú ilẹ̀. Ẹ̀rù bà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"A máa lọ," ó ní.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀…"

"Mo mọ ohun tí mo sọ. Gbọ́ mi. Trifon bi mí léèrè bóun ṣe máa mú un, mo wà níbẹ̀, mo sì dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí mi ò bá sí ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ìwọ náà wà níbi iṣẹ́? Gbogbo ohun tí ọmọ yìí nílò, inú orí èmi nìkan ló wà. Orí arúgbó ni, Iskra. Kò yẹ ká kó ọmọ pamọ́ síbẹ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí báyìí," Iskra ní. "Ẹ ti jẹ́ kẹ́rù bà mí."

"Ó ń ba èmi náà. Èmi ni màá gbé e lọ́wọ́ bá a bá ń lọ. Bí mo bá rí ohun tí ò tẹ́ mi lọ́rùn, màá gbé e, a ó jáde, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró."

Ó kù díẹ̀ kí Kérésìmesì dé kí wọ́n tó rí ọjọ́ míì gbà. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn dókítà náà ní Ruse, Nedyalka kọ́kọ́ yí àgbàlá ká, ó ń wo àwọn mọ́tò tó dúró síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo fèrèsé bóyá irin wà lójú wọn. Irin wà lójú ọ̀kan, nísàlẹ̀, ó sì ti ń gbé ọmọ náà padà sí mọ́tò. Iskra sọ fún un pé nítorí olè ni. Ó ka ilẹ̀kùn tó wà láàárín yàrá dókítà àti òde, kó lè mọ ibi tó máa gbà.

Dókítà Apostolova kéré lára, irun rẹ̀ ti funfun. Kò wọ aṣọ funfun. Súwẹ́tà ló wọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítòsí Zornitsa, kò pè é, kò mú un. Ó ń to bíríkì igi tirẹ̀, Zornitsa ń to tiẹ̀. Ó pẹ́ kó tó bi Iskra ní ohunkóhun. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, Iskra ń wo ìyá rẹ̀, Nedyalka ló sì ń dáhùn: ohun tó ń jẹ, ohun tí kì í jẹ, bó ṣe ń sùn, ohun tó ń mú un forí gbá ògiri. Ó ń sọ ọ́, dókítà ń kọ ọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọwọ́ tó ń kọ̀wé yẹn.

"Ṣé ẹ máa mú un lọ?" ó béèrè.

Dókítà gbé kálàmù sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. "Màmá, ta ni wọ́n mú lọ nílé yín?"

Nedyalka kò retí ìbéèrè yẹn. "Àbúrò mi."

"Mo ṣiṣẹ́ nírú ilé bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́. Mi ò lè dúró síwájú yín kí n ní kò ṣẹlẹ̀." Ó sún mọ́ ọn. "Lónìí, ìwé tí mo bá kọ, ìyá ọmọ yìí ló ni ín. Òun ló máa sọ ẹni tó máa rí i. Kò sẹ́ni tó lè torí ẹ̀ wá gbé ọmọ yín."

"Ohun tí wọ́n sọ fún ìyá mi náà nìyẹn, pé kò sí nǹkan kan."

"Mo mọ̀."

"Báwo ni màá ṣe gbà yín gbọ́ nígbà náà?"

"Ẹ má gbà mí gbọ́," dókítà ní. "Ẹ máa bá a wá. Yàrá tí wọ́n bá ní kí ẹ má wọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín wọ̀ ọ́."

Wọ́n tún padà lọ lẹ́yìn ọdún tuntun, ibẹ̀ ni dókítà ti sọ ọ́ jáde pé ọ́tísíìmù ni. Iskra sunkún nínú mọ́tò títí ooru ẹnu wọn fi bo gíláàsì. Nedyalka kò sunkún. Ó ń bọ́ ọmọ ní yógọ́ọ̀tì, ó ń wo ojú títì bóyá ẹnikẹ́ni ń tẹ̀ lé wọn.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá dáa. Obìnrin kan ní jẹ́léósinmi ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọ òun jókòó ti Zornitsa mọ́, bí ẹni pé ó ń ràn. Plamen kò pè fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nígbà tó pè, ó ti mu ọtí, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gba olùrànlọ́wọ́ kan fún ọmọ náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bilyana, Nedyalka sì jókòó tì í odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó ń kọ́ ọ: gba ẹ̀yìn mú un, má fà á lápá, má bá a sọ̀rọ̀ bó bá ń ké.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, wọ́n ń gbé Zornitsa lọ sí ibùdó kan ní Ruse, níbi tí wọ́n ti ń fi àwòrán kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú àwòrán búrẹ́dì wá bí ebi bá ń pa á. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú àwòrán ọmọ tó gbá etí mú, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì rí i pé etí rẹ̀ ti wú nínú. Iskra tẹ àwòrán náà mọ́ àyà.

Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ máa ń sọ fún Nedyalka pé kó lọ mu kọfí ní òdìkejì títì, pé ọmọ wà lọ́wọ́ rere. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kì í lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àga kan sí ẹnu ọ̀nà fún un. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú báàgì lórí itan, tí yóò máa gbọ́ ohùn ọmọ náà nínú. Bí atẹ́gùn bá ti ilẹ̀kùn náà, á dìde, á ṣí i, á tún padà jókòó.